Ẹ má fi tẹ́ẹ̀kì bò wá lójú, igbó àtijọ́ náà gbọ́dọ̀ wà nínú máàpù

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Kétu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Pákó ni mo ń tà, mo ń ta òpó àti igi àjà pẹ̀lú, táwọn káfíńtà bá ṣe ilẹ̀kùn tán mo máa ń bá wọn wá oníbàárà, torí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ará ìlú ńlá kan tí ò mọ iye tí pákó ń jẹ́ ló jókòó tó ń pariwo igbó, igbó. Igi ló ń bọ́ mi. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni lẹ́tà méjì tẹ́ ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí. Ọ̀kan wá láti Sábẹ̀, ẹni yẹn ní kí ìjọba gba ayùn ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ gbogbo èèyàn kí wọ́n sì fi sọ́jà yí igbó ká. Èkejì wá láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), òun ní kí wọ́n ṣáà gbin tẹ́ẹ̀kì sí ilẹ̀ yòówù tó bá ṣófo, pé tí igi bá ti wà lórí ilẹ̀ ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Mo ka méjèèjì, mo tún wọn kà, mo wá rí i pé bá a bá tẹ̀lé ti àkọ́kọ́ ebi á pa wá, bá a bá sì tẹ̀lé ti ìkejì a ò tiẹ̀ ní mọ ọjọ́ tí igbó tán mọ́ wa lọ́wọ́, torí gbogbo ilẹ̀ á ṣì máa tutù yọ̀yọ̀ lójú ẹni tó bá ń kọjá lọ nínú mọ́tò.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ò pọ̀. Ó yẹ kí kọ́múnù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa, ní ìwé tí wọ́n ń pè ní SDAC, ìwé tó máa ń sọ pé ibí la máa kọ́lé sí, ibí la máa dáko sí, ibí la máa gbin igi sí, ọ̀nà máa gba ibí kọjá. Mo ní nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìwé yẹn, tàbí tí wọ́n bá ń tún un ṣe, kí wọ́n kọ́kọ́ fa ilà yí igbó àtijọ́ tó ṣẹ́ kù ká, igbó orò, igbó etí odò, àwọn ibi tí igi ńláńlá ṣì dúró sí nínú igbó ìjọba, kí wọ́n tó pín ilẹ̀ kankan fún tẹ́ẹ̀kì, fún kajú, fún òwú tàbí fún ilé. Ohun tá à ń ṣe báyìí, òdìkejì ẹ̀ ni. A pín gbogbo ilẹ̀ tán, a wá ní kí igbó máa gbé ibi tó bá ṣẹ́ kù.

Kí n kọ́kọ́ dá ẹni Àjàṣẹ́ yẹn láre níbi tó ti jàre. Mi ò bá tẹ́ẹ̀kì jà o. Òótọ́ ni pé kì í ṣe igi ilẹ̀ wa, ọ̀nà Íńdíà àti Bọ́mà lọ́hùn-ún ni wọ́n ti mú un wá, àwọn Faransé ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, àmọ́ ó ti di ọmọ onílé báyìí. Ikán kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́, ó máa ń dúró ṣánṣán, tẹ́ ẹ bá gé e á tún rú láti ìdí kùkùté, kò sì ní pẹ́ púpọ̀ tí òpó tó ṣe é fi gbé páànù ilé máa jáde nínú ẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá gbìn ín sí ẹ̀yìn oko ẹ̀, níbẹ̀ ni owó yunifásítì ọmọ ẹ̀ wà. Ọmọ bá ti gba bàkà, ìwé ẹ̀rí iléèwé girama, bàbá á ránṣẹ́ pe èmi tàbí ẹlòmíì nídìí iṣẹ́ yìí, a ó lọ ka òpó, a ó dúnàádúrà, a ó sanwó, ọmọ á lọ sí Kùtọ̀nú. Kí ẹ wá ronú ẹ̀ wò, bí kò bá sí tẹ́ẹ̀kì, ibo ni gbogbo òpó yẹn ì bá ti wá? Inú igbó náà ni. Àyín kéékèèké la ó máa gé, ohun tó yẹ kó dàgbà lọ́la la ó máa fi kan àjà lónìí. Torí náà oko tẹ́ẹ̀kì ń gba ẹrù ńlá lórí igbó, kí àwọn tó fẹ́ràn igbó má ṣe sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni pé ọ̀tá ni.

Ẹni Sábẹ̀ ńkọ́? Inú ló bí i, mo sì mọ ohun tó bí i nínú, torí mo rí ohun tí wọ́n fojú igi kósò rí ní agbègbè wọn, igi tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní vène. Wọ́n gé e, wọ́n kó o sínú kọ̀nténà, Ṣáínà ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ń lọ. Nígbà tó máa fi di ọdún 2016 tí àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Johannesburg tí wọ́n fi igi yẹn sínú ìwé kejì CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi igbó, kí ẹnikẹ́ni má bàa tà á kọjá ẹnubodè láìgba ìwé àṣẹ, èyí tó ti lọ ti lọ. Òfin dára, àmọ́ òfin ò lè dá igi padà sórí kùkùté. Àti pé bẹ́ ẹ bá gba ayùn lọ́wọ́ wa lọ́sàn-án, òru ni igi á máa wọ̀lú, ẹni tó ń gé e á di ẹni tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni mọ́, àwa tá à ń san owó ìwé àṣẹ la ó kó ìdí ọjà wa nílẹ̀. Èmi ò rí ibi tí wọ́n ti fi sọ́jà nìkan tọ́jú igbó tó pẹ́.

Wàyí o, ẹ bá mi wọ inú oko tẹ́ẹ̀kì lóṣù kìíní ọdún, nígbà tí ọyẹ́ bá ń mú. Ewé tó já sílẹ̀ níbẹ̀ fẹ̀ ju àwo tẹ́ ẹ fi ń jẹun lọ, ó gbẹ, ó ń dún wáràwárà lábẹ́ ẹsẹ̀ débi tí ọdẹ ò lè yọ́ kẹ́lẹ́ rìn lórí ẹ̀. Igi tò lọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ọ̀wọ́ yìí ò yàtọ̀ sí ọ̀wọ́ tọ̀hún. Ẹ fi ẹsẹ̀ ta ewé yẹn kúrò, ilẹ̀ lásán lẹ máa rí, koríko díẹ̀díẹ̀, kò sí ìtàkùn, kò sí olú, ọmọ igi mìíràn ò fi bẹ́ẹ̀ hù níbẹ̀. Ẹ dúró kẹ́ ẹ tẹ́tí, ẹyẹ tẹ́ ẹ máa gbọ́ ò pọ̀. Bí iná ìgbẹ́ bá wá jálẹ̀ sí i, gbogbo ewé yẹn á gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Òjò àkọ́rọ̀ wá dé, ewé tuntun fẹ̀, omi á kó jọ sórí ẹ̀, á máa já bọ́ ní kíkán ńláńlá sórí ilẹ̀ tí kò ní ìbòrí, tí ibẹ̀ bá tún dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ, ẹ ó máa rí gbòǹgbò níta gbangba. Mo ti ra òpó nínú irú oko bẹ́ẹ̀, gbòǹgbò ibẹ̀ ló máa ń kọ́ mi lẹ́sẹ̀ tá a bá ń ru igi jáde.

Ẹ wá lọ sí etí igbó orò kan nínú oṣù kìíní yẹn kan náà. Kẹ́ ẹ tó wọlé rárá ni òtútù á ti kàn yín lójú. Àràbà wà níbẹ̀, ìrókò wà níbẹ̀, ìtàkùn ti gbà á láti orí dé ìdí, ewé tí àwọn ìyá alágbo ń wá kiri ń hù lábẹ́ ẹ̀, ẹ ó gbọ́ àgbìgbò tó ń lu ìyẹ́ kọjá lókè. Ohun tó wà láàárín gbùngbùn ẹ̀, mi ò ní í sọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn, àwọn tó mọ̀ mọ̀. Etí ẹ̀ nìkan tó fún ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ.

Àwọn kan á ní kí ló wá ṣe pàtàkì nínú igbó tí èèyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn yí ká kí omi gààrì tó gbóná. Ohun tó jẹ́ kó ṣe pàtàkì ni ibi tí Ọlọ́run fi wá sí. Igbó kìjikìji tó wà ní etí òkun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà já nígbà tó dé Gánà, kò tún bẹ̀rẹ̀ padà dáadáa àfi ní Nàìjíríà. Àárín méjèèjì, ibi tí Tógò àti orílẹ̀-èdè wa wà, ọ̀dàn ló gbà á títí fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òkun. Dahomey Gap ni àwọn onímọ̀ ń pè é títí dòní. Torí náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni igbó tiwa ti wà ní ẹyọ ẹyọ, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ohun ẹlẹ́mìí tó bá kú tán nínú ọ̀kan, kò sí aládùúgbò tó sún mọ́ ọn tó máa wá rọ́pò ẹ̀. Ọ̀bọ kan wà tí àyà àti ikùn ẹ̀ pupa, Cercopithecus erythrogaster, tẹ́ ẹ bá wá a ká gbogbo ayé, Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà nìkan lẹ ti máa rí i. Tẹ́ẹ̀kì kì í so èso tí ọ̀bọ ń jẹ. Ẹ lè gbin ẹgbẹ̀rún hẹ́kítà ẹ̀, ebi náà ló máa pa ọ̀bọ níbẹ̀.

Ní ọdún 1998 wọ́n ka igbó orò àti igbó òrìṣà tó wà ní gbogbo Bẹ̀nẹ̀, wọ́n rí 2.940. Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn tàn yín. Gbogbo ilẹ̀ wọn lápapọ̀ jẹ́ 18.360 hẹ́kítà, ìyẹn 0,16 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ orílẹ̀-èdè wa, tẹ́ ẹ bá pín in, hẹ́kítà 6 àti díẹ̀ ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó sì ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti kà á, ẹ wo àyíká yín kẹ́ ẹ fúnra yín sọ bóyá ó pọ̀ sí i ni àbí ó dín. Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ náà ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, ọgbà ńlá tó wà láàárín ìlú yín, Jardin des Plantes et de la Nature, igbó ààfin ni kí àwọn Faransé tó gbà á ní 1895 tí wọ́n sọ ọ́ di oko tí wọ́n ti ń dán igi wò. Ó ṣì ní igi àgbà nínú lónìí, mo dúpẹ́, àmọ́ ìlú ti yí i ká tán.

Ibi tó ń dùn mí jù rèé. Ẹni tó ń ya máàpù ní Kùtọ̀nú, inú àwòrán sátẹ́láìtì ló ti ń wo Kétu. Tẹ́ẹ̀kì, àwọ̀ ewé. Igbó orò, àwọ̀ ewé. Oko kajú tó ti dàgbà, òun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àwọ̀ ewé. Ó wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé kọ́múnù yìí ní igbó tó pọ̀. Kì í tiẹ̀ ṣe pé ó purọ́ o, torí bí FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, fúnra ẹ̀ ṣe ń ka igbó nìyẹn, ilẹ̀ tó bá ti tó ìdajì hẹ́kítà, tí igi ibẹ̀ lè ga ju mítà 5 lọ, tí òjìji igi sì bo 10 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀, igbó ni, yálà tẹ́ẹ̀kì ni o tàbí ìrókò. Ìṣirò FAO yìí kan náà ló ní Bẹ̀nẹ̀ ń pàdánù nǹkan bí 50.000 hẹ́kítà igbó lọ́dọọdún. Ẹ wá wo bó ṣe rí, ẹni tó bá ṣán igbó àtijọ́ hẹ́kítà 10 tó wá gbin tẹ́ẹ̀kì hẹ́kítà 10 dípò ẹ̀, nínú ìwé kò sí ohun tó sọnù. Àdán mọ̀ pé nǹkan sọnù, ìyá alágbo mọ̀, ìwé ò mọ̀.

Owó tún wà níbẹ̀. Mẹrí, ìyẹn ọ́fíìsì kọ́múnù, máa ń rí owó lórí igi tó bá jáde ní ilẹ̀ wọn, lórí èédú, lórí kajú tó bá gba ọjà wọn kọjá. Igbó orò kì í san kọ́bọ̀. Kọ́ńsẹ̀yé, ọmọ ìgbìmọ̀ kọ́múnù, tó jókòó nídìí tábìlì tí wọ́n ń pín ilẹ̀, tó ń ro bó ṣe máa sanwó òṣìṣẹ́ lóṣù tó ń bọ̀, ibo lẹ rò pé ó máa wò? Mi ò bá a wí. Èmi náà tí mo bá wà níbẹ̀, ibi tí owó ti ń wọlé ni ojú mi á kọ́kọ́ lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí wọ́n fa ilà igbó àtijọ́ kí ọ̀rọ̀ owó tó bẹ̀rẹ̀, kó tó di pé ẹnikẹ́ni ń dúró de ìdáhùn lórí hẹ́kítà kankan.

Pé nǹkan tí mò ń sọ ṣeé ṣe, igbó Lama ni mo fi ń ṣe ẹ̀rí. Tẹ́ ẹ bá ń ti Allada lọ sí Bohicon ẹ máa gba ilẹ̀ dúdú kan kọjá, òjò bá rọ̀ sí i á lẹ̀ mọ́ bàtà yín títí bàtà á fi wúwo, ẹ̀ẹ̀rùn bá dé á sán débi tí ọmọdé lè ki apá bọ ibi tó ti sán. Ìjọba ti fi òfin mú igbó ibẹ̀ láti 1946, ó lé ní 16.000 hẹ́kítà. Wọ́n gbin tẹ́ẹ̀kì lọ rẹpẹtẹ níbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ náà ń ṣán oko ní tiwọn, igbó gidi wá ń sún kì sáàárín títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìgbà tó yá ni wọ́n wá sọ pé ó tó, wọ́n fi nǹkan bí 4.800 hẹ́kítà sílẹ̀ láàárín, wọ́n ń pè é ní noyau central, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gé igi níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dáko níbẹ̀. Tẹ́ẹ̀kì wá wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ yí ká, ONAB, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí igi, ló ń mójú tó gbogbo ẹ̀, wọ́n ń gé tẹ́ẹ̀kì, wọ́n ń là á ní Saclo, wọ́n ń tà á, mo ti ra nínú ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo àárín yẹn ni igbó àtijọ́ o, oko tí wọ́n kúrò nínú ẹ̀ ni ibòmíì, ewé akíntọ́lá ló kọ́kọ́ gbà á, igi wá ń yọ orí díẹ̀díẹ̀ láàárín akíntọ́lá. Ọ̀bọ oníkùn pupa tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ó wà níbẹ̀. Tẹ́ẹ̀kì ń mú owó wọlé, owó ń san ẹ̀ṣọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ wọ inú igbó gidi lọ ṣọṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la tẹ́ẹ̀kì ìjọba kọjá. Ìyẹn ni mò ń pè ní kí iṣẹ́ igi àti igbó jọ gbé.

Kò wá dùn tán náà o, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Àwọn èèyàn wà tó ń gbé inú igbó yẹn tẹ́lẹ̀ tí wọ́n kó jáde lọ sí etí ẹ̀, ẹni tó bá ti kó kúrò nílé bàbá ẹ̀ rí mọ bó ṣe ń rí lára. Igbó náà sì dá wà, oko àti tẹ́ẹ̀kì ló yí i ká, ẹranko tó bá fẹ́ kúrò níbẹ̀ lọ síbòmíì, ojú gbangba ló máa bọ́ sí. Kétu ò lè sọ pé òun náà máa ní 4.800 hẹ́kítà tí ẹnikẹ́ni ò ní í fọwọ́ kàn, ilẹ̀ ọ̀hún dà? Ohun tá a lè kọ́ níbẹ̀ ni pé ibi tí igbó wà ni wọ́n kọ́kọ́ mú, tẹ́ẹ̀kì wá tẹ̀lé e.

Ti ẹni tó bá sọ pé tí ìrókò bá tán a ó gbin òmíràn, kò tíì gbin ìrókò rí nìyẹn. Kòkòrò kékeré kan wà, Phytolyma ni àwọn onímọ̀ ń pè é, orí ọ̀mùnú ìrókò ló ń yé ẹyin sí, ewé á wú kókó kókó, á bẹ́, á jẹrà, ọ̀mùnú á kú. Tẹ́ ẹ bá gbin ìrókò nìkan sí ojú gbangba lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí a ṣe ń gbin tẹ́ẹ̀kì, kòkòrò yẹn á ti ọ̀kan bọ́ sí ìkejì títí á fi bá gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ìrókò fẹ́ kí igi mìíràn wà láàárín òun àti ẹnìkejì ẹ̀, ó fẹ́ òjìji díẹ̀ nígbà ọmọdé. Àdán ló sì ń bá a gbin ọmọ, á jẹ èso ẹ̀ lóru, á fò lọ jìnnà, á yà á sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ wò ó báyìí, ìyá igi, àdán, òjìji, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sí nínú oko tẹ́ẹ̀kì. Èmi tí mò ń ta pákó, tí ìyá ìrókò bá tán nínú igbó, ìrókò tán ní ìsọ̀ mi nìyẹn títí láé. Mo mọ iye tí pákó ìrókò ti dé báyìí, mi ò ní í kọ ọ́ síbí kí àwọn oníbàárà mi má bàa kà á kí wọ́n wá bá mi jà.

Ọ̀nà Sábẹ̀ lọ sókè ni ọ̀rọ̀ tún ti le. Àpò èédú ń tò létí títì, ewé ni wọ́n fi dí ẹnu ẹ̀, wọ́n wá fi okùn ha á mọ́ ọn, kámíọ̀n á kó o lọ sí Kùtọ̀nú lóru. Àyín wà nínú ẹ̀, kósò wà nínú ẹ̀, igi òrí náà wà nínú ẹ̀, èyí tí àwọn obìnrin ń ṣa èso ẹ̀ lọ́dọọdún, ọkọ ta igi, ìyàwó pàdánù òrí, nínú ilé kan náà. Kajú tún ń gba ilẹ̀, pàápàá láti ìgbà tí ìjọba ti ní kí wọ́n má kó kajú tútù jáde mọ́ láti oṣù kẹrin 2024, tí ilé iṣẹ́ tó wà ní Glo-Djigbé ń wá a. Mi ò ní kí wọ́n má gbin kajú. Àmọ́ kí wọ́n má gbìn ín dé etí odò, kí wọ́n má gbìn ín dé ìdí òkúta, kí wọ́n jẹ́ kí igi òrí àti igi igbá dúró láàárín ẹ̀. Màálù ńkọ́? Láti ìparí 2019 ni ìjọba ti dá àwọn darandaran ilẹ̀ òkèèrè dúró lẹ́nubodè, àmọ́ màálù tiwa náà wà nílẹ̀, tí máàpù ò bá ya ọ̀nà fún wọn, inú igbó ìjọba ni wọ́n máa gbà, igbó Toui-Kilibo kúkú jẹ́rìí sí i. Ẹ má gbàgbé ìdídò tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ tipẹ́ ní Dogo, lórí odò Wẹ̀mẹ̀, ọjọ́ tí omi yẹn bá dúró, ilẹ̀ tó máa gbà ò kéré, igbó Dogo wà nítòsí ibẹ̀.

Kétu wà lábẹ́ pèréfẹ́, aṣojú ìjọba, tó wà ní Pobè. Sábẹ̀ wà lábẹ́ ti Dassa. Máàpù Kétu bá dé ẹnu ààlà Kétu, funfun ló kù, bí ẹni pé ayé parí síbẹ̀. Iná ìgbẹ́ ò mọ ìyẹn, àdán ò mọ̀ ọ́n, odò Ọ̀pàrà náà ń ṣàn lọ ní tiẹ̀. Kí àwọn tó ń ṣe máàpù Plateau, ẹkùn tiwa, àti àwọn tó ń ṣe ti Collines, ẹkùn Sábẹ̀, jókòó pọ̀, kí wọ́n gbé méjèèjì lé ara wọn. Ibi tó rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀ ni odò, torí òfin igbó 93-009 ti oṣù keje 1993 ti sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣán igbó mítà 25 ní apá ọ̀tún odò àti mítà 25 ní apá òsì. Òfin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún! Tí wọ́n bá tẹ̀lé ìyẹn nìkan, igbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan á wà tó bá odò lọ, á so igbó orò ibí mọ́ igbó ìjọba tọ̀hún, ẹranko á rí ibi gbà láìjẹ́ pé ó bọ́ sí ojú gbangba. Kò gba hẹ́kítà púpọ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ kankan. Tẹ́ẹ̀kì lè wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn mítà 25 yẹn, orí ilẹ̀ tó ti ṣá, tí òwú àti àgbàdo ti jẹ gbogbo agbára ẹ̀, ibẹ̀ ló wúlò sí jù. Kò sí ìdí kankan tí ẹnikẹ́ni fi máa ṣán igbó kó tó rí ibi gbin tẹ́ẹ̀kì, ilẹ̀ tó ti bàjẹ́ pọ̀ lọ súà.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà wa kan ò ní í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé GPS wọ inú igbó orò, mo bá wọn gbà. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé tí ìjọba bá ti mọ ibi tó dé, ìjọba á gbà á, wọn ò sì purọ́, ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Àmọ́ ẹ̀yin bàbá wa, ẹ jọ̀ọ́, nísinsìnyí tí òfin ilẹ̀ 2013 ti ní kí gbogbo ilẹ̀ ní ìwé, igbó tí kò bá ní ìwé kankan ni ọmọ ilé kan máa jí lọ tà fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé, ẹ ó kàn ṣàdédé rí búlọ́ọ̀kù níwájú igbàlẹ̀ ni. Àṣẹ kan wà láti 2012, nọ́ńbà 0121, tó fún igbó orò ní ọ̀nà tí kọ́múnù lè gbà mọ̀ ọ́n lábẹ́ òfin kí ó sì ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Etí igbó ni kí wọ́n rìn yí ká, kò sí ẹni tó ní kí wọ́n wọ àárín. Ẹ̀yin ọmọ ìjọ àti ẹ̀yin mùsùlùmí tẹ́ ẹ ń sọ pé kí wọ́n gé igbó òrìṣà dànù, mo bẹ̀ yín, èèyàn ò ní láti bọ òrìṣà kó tó jẹ́ kí àràbà dúró, èmi fúnra mi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdọọdún láti 1985 ni à ń ṣe ọjọ́ igi ní Bẹ̀nẹ̀. Àwọn ọ̀gá á wá, wọ́n á wọ fìlà, wọ́n á gbin ọmọ tẹ́ẹ̀kì tàbí ọ̀gànwó kan, wọ́n á ya fọ́tò, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́ kí oṣù keje tó dé. Olóòtú wa, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá wa ṣe ni pé kẹ́ ẹ rán akọ̀ròyìn yín lọ sí mẹrí Kétu, ti Pobè àti ti Sábẹ̀ kí ọjọ́ igi tó ń bọ̀ tó dé, kó ní kí wọ́n fi máàpù han òun, kó béèrè igbó àtijọ́ tí wọ́n ti fa ilà yí ká àti orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kẹ́ ẹ wá tẹ èsì wọn jáde ní Yorùbá, torí Faransé inú SDAC yẹn, lọ́yà ló lè kà á. Tó bá dé Kétu kó béèrè ìsọ̀ àwọn onípákó, màá bá a wá ẹni tó máa mú un dé etí igbó. Kó wọ bàtà tó le, kó má sì wá lọ́jọ́ orò.

Èmi ni tiyín,
onípákó kan ní Kétu